Ẹní Ìgbéyàwó Leutu

Orí pákó tó fi ń gun ìgbì òkun ni ọkùnrin náà wà nígbà tí Leutu kọ́kọ́ rí i, níbi tí ìgbì ti ń forí gbá àpáta dúdú. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Gbogbo abúlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Leutu nìkan ló ṣẹ́kù sílé wọn létíkun, tó ń ṣọ́ kókò tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nínú ààrò. Ọkùnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí omi bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀.

"Ìwọ yìí, ṣé orí ẹ pé?" Leutu ké sí i bó ṣe jáde nínú omi. "Ẹnì kan kì í gun ìgbì níbí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí àwọn ìjòyè bá mú ẹ, ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ."

"Adìyẹ kan péré ni ìyá mi ní. Ṣé wọ́n á gbà á?"

"Adìyẹ ọ̀hún gan-an á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Pesamino lorúkọ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òdìkejì odò ni. Ṣé wàá fẹjọ́ mi sùn?"

Kò fẹjọ́ sùn. Ẹ má bi mí léèrè bóyá ó ṣe dáadáa. Ká ní èmi ni, tójú mi sì rí ohun tójú rẹ̀ rí, n bá dákẹ́ bákan náà.

Ní erékùṣù wa níbí, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni láti fòkò lé ẹni tó bá ń yọjú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí Pesamino bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí Leutu, Fetu, ẹ̀gbọ́n Leutu, ju òkò méjì sí i. Kò ju ìkẹta. Ó ní kí Pesamino wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. Inú Leutu dùn dẹ́yìn. Ó jókòó ti ẹní ìgbéyàwó tó ti ń hun láti ọdún mẹ́ta láti gbé lọ ilé ọkọ, ẹní tó rọ̀ bí aṣọ, ó sì fi ìyẹ́ pupa sí etí ẹní náà.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Fetu ní orí ń fọ́ òun, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àti Pesamino ló wọ omi. Ìgbì gbé Fetu lu àpáta. Pesamino kígbe, kígbe, ṣùgbọ́n orin ìsìn bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹnì kan létíkun. Àṣé torí irú ọjọ́ yẹn làwọn àgbà ṣe ṣòfin. Pesamino fúnra rẹ̀ ló gbé òkú Fetu wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá fa irú èyí gbọ́dọ̀ ṣe ifoga: kó kúnlẹ̀ níwájú ilé olókùú láti ìdájí, kó fi ẹní àtàtà borí. Bàbá olókùú lè ṣí ẹní náà láti fi dárí jì í, ó sì lè yọ àdá pa á. Ìyá Pesamino kò ní ẹní kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Leutu gbé tirẹ̀ lọ bá a.

"Ọmọ mi, ẹní ìgbéyàwó rẹ nìyí!"

"Ẹ gbà á, Mà. Bí wọ́n bá pa á, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Pesamino lọ kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹní náà. Oòrùn ti ga kí Ìjòyè Vaifale, bàbá Leutu, tó jáde pẹ̀lú àdá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìyẹ́ pupa náà, ó mọ ọwọ́ tó hun ún. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó ju àdá sílẹ̀, ó ṣí ẹní náà.

"Dìde. Mo ti dárí jì ọ́."

Ó ká ẹní náà. "Èyí á bá Fetu lọ." Ó yíjú sí Leutu. "Ọmọ mi kì í lọ ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Bí o bá hun òmíràn tán, wá bá mi."

Ẹní yẹn ni wọ́n fi di òkú Fetu sin.

Lọ́jọ́ ogójì lẹ́yìn ikú Fetu, Leutu gbé ìdì ewé tuntun wá sétíkun, torí inú omi òkun la ti ń rẹ ewé ẹní kó lè funfun. Pesamino ti wà nínú omi, ó ti kó òkúta jọ dè é. Kò gun ìgbì mọ́.

"Ọdún mẹ́ta ni màá fi hun ún o," Leutu wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì tíì lè wojú ẹ kí n má rántí Fetu."

"Èmi náà ò lè wojú ara mi. Gbé e wá."

Ó gba ewé náà, ó rì í sínú omi, ó gbé òkúta kan lé e.

"Gbé òmíràn lé e," Leutu wí, omi sì ti kún ojú rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí tí òkun yìí gbà lọ́wọ́ mi ti tó."

Pesamino tún gbé òmíràn lé e.