Omi Àkọ́rọ̀ ní Àpáta Adáwà

Bí àrá bá ti sán lápá òkè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwa obìnrin oko máa ń ṣe. Ẹni tó ń gúnyán á fi odó sílẹ̀. Ẹni tó ń dirun á so ó bó ṣe bá a. A ó gbé igbá, ó di ìdí àpáta. A kì í dúró kí òjò dé ọ̀dọ̀ wa. Omi òjò tó kọ́kọ́ já láti orí àpáta lọ́dún, tí kò tíì kan ilẹ̀, òun là ń wá, òun la fi ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n ní ọmọ tí a bá fi omi àkọ́rọ̀ wẹ̀ kì í sábà ṣàìsàn. Èmi ò lè búra sí i. Ohun tí ojú mi rí nídìí omi náà ni mo lè búra sí, òun ni mo sì fẹ́ kí wọ́n kà sétí ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀nà odò.

Ogun Ìjàyè kò tíì bẹ́ nígbà náà. Abúlé wa wà lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Àwa ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n gbé wọ agbo ilé kan lọ́dún kan náà: Fàtímọ̀ aya Yésúfù, Mùsílímátù aya Làmídì, àti èmi Àbíkẹ́. Fàtímọ̀ ti sin ọmọ méjì. Ẹ̀kẹta, Sàníù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Bí ọmọ náà bá sín lásán, àyà Fàtímọ̀ á já.

Àpáta Aláriwo ni gbogbo ayé ń lọ gba omi. Kò jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kọjá sísọ. Obìnrin á to bí ìjàlọ, igbá á máa lu igbá, ẹni tó sanra á ti ẹni tó tín-ín-rín. Ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti Fàtímọ̀ ṣubú níbẹ̀, igbá rẹ̀ fọ́, omi kò sì kàn án.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, à ń ṣa ẹ̀wà, ni àrá bá kù lókèèrè. Fàtímọ̀ dìde.

Ó ní, "Èmi ò lọ sí Aláriwo lọ́dún yìí. Adáwà ni mò ń lọ."

Mùsílímátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ìdí obìnrin Ìrókò tó tì ọ́ ṣubú lo ṣì ń sá fún?"

"Bí o bá fẹ́, wí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Adáwà. N ó dá gba omi mi, n ó gbà á kún."

"Ọ̀nà ibẹ̀ gùn, òkè rẹ̀ sì pọ̀."

"Ṣé orí rẹ ni n ó fi rìn ni?"

Inú yàrá ni Ìyá Àgbà ti ń gbọ́ wa. Ọ̀ṣuntọ́lá ni orúkọ wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọkọ wa. Ìdílé ọlọ́ṣun ni wọ́n ti wá, etí odò ni wọ́n bí wọn sí, kí ìmàle tó wọ agbo ilé wa. Wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

Wọ́n ní, "Ta ni alóre yín?"

Ní Aláriwo, ọkùnrin kan máa ń jókòó sókè àpáta, òun ni alóre. Bó bá ti kígbe pé omi dé, gbogbo obìnrin á sá jáde nínú omi, igbá wọn á sì ti kún. Igbe rẹ̀ la mọ̀. A kò bi ara wa léèrè rí ohun tó máa ń rí kó tó ké.

Mùsílímátù ní, "Ìyá Àgbà, níbi tí kò sí èrò, ta ni alóre fẹ́ máa ṣọ́?"

"Ṣé èrò ló ń ṣọ́ ní Aláriwo? Omi ló ń ṣọ́. Ibi tí èrò pọ̀ sí, ojú pọ̀ níbẹ̀. Adáwà tí ẹ ń lọ yìí, ojú yín nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ẹ di ẹ̀kọ dání. Mò ń bá yín lọ."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

"Nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, abẹ́ mi ló wà."

Bí a ṣe gbéra nìyẹn. Èmi ni mo pọn Sàníù kí ìyá rẹ̀ lè gbé igbá. Ìyá Àgbà ní àwọn ni yóò ṣáájú. Wọ́n ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ló yẹ kó ṣáájú nínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá kù lẹ́yìn. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì, wọ́n á já ewé tútù, wọ́n á fi dí ọ̀nà tí a kò gbà, kí a má ṣìnà bí a bá ń bọ̀.

Mùsílímátù rọra sọ sí mi létí pé, "Ìgbín kan wà lẹ́yìn wa, ó ní ká yà fún òun."

Ìyá Àgbà kò bojú wẹ̀yìn. "Sọ fún un pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń gun igi, òun ló kúkú kọ́ mi."

A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gun. A gba abẹ́ igi ìrókò ńlá kọjá, a gba inú igbó ọ̀pẹ, títí a fi bọ́ sí àfonífojì tí odò Adáwà ń gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú omi rẹ̀ dín kù, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. A rọra fẹsẹ̀ là á kọjá sódì kejì. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti dúró, tí wọ́n gbójú sókè. Koríko gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ há sí ẹ̀ka àwọn igi, ó ga ju orí wa lọ.

Wọ́n ní, "Ta ló gbé koríko síbẹ̀?"

Mùsílímátù ní, "Ẹyẹ ni. Ìtẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́."

"Ẹyẹ wo ló ń kọ́ ìtẹ́ tí gbogbo koríko rẹ̀ doríkọ ìsàlẹ̀ odò?"

Ara Fàtímọ̀ ti wà lọ́nà, ó ti ń lọ níwájú.

Nígbà tí a yọ sí Adáwà, gbogbo wa la dúró wò ó, títí kan Fàtímọ̀ tó ń kánjú. Mo ti rí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Aláriwo, ṣùgbọ́n èrò kò jẹ́ kí n rí i dáadáa rí. Èyí tiwa nìkan ni. Àpáta náà ga, ó dúdú, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Omi ń já láti ṣóńṣó rẹ̀, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú tí obìnrin kan ń ran láti ojú ọ̀run wá sílẹ̀. Atẹ́gùn á gbé e sí ọ̀tún, á gbé e sí òsì. Oòrùn ràn sí ìkùukùu omi náà, òṣùmàrè kékeré kan sì dúró níbẹ̀, kò ga ju ọmọdé lọ. Sàníù na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó dára. N kò tíì rí èyí tó jù ú lọ.

Ìyá Àgbà tẹríba. "Omi, a kí ọ. Àlejò ni wá." Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, wọ́n gún un mọ́ iyanrìn létí omi gan-an, wọ́n sì lọ jókòó sórí òkúta kan tó ga díẹ̀.

Fàtímọ̀ ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọnú omi, ó dúró lórí òkúta tó wà láàárín, lábẹ́ ibi tí omi ń já sí. Ó gbé igbá rẹ̀ dání, ó ń retí kí omi pọ́n. Omi pípọ́n ni àmì pé àkọ́rọ̀ ti dé. Ojú ọ̀run tiwa mọ́ kedere, kò sí òjò kankan lórí wa. Àrá tó ń kù, ọ̀nà jíjìn ló wà.

A ti ń jẹ ẹ̀kọ nígbà tí Ìyá Àgbà dìde. Omi ti gun ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó.

"Fàtímọ̀, jáde."

"Ìyá Àgbà, omi ò tíì pọ́n."

"Kó tó pọ́n ni mo ní kí o jáde."

Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ wá láti òkè, ó ń rùn bí erùpẹ̀ tútù. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké dákẹ́. Ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi já bọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìfófòó, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà bí ọtí àgbàdo. Ojú Fàtímọ̀ là.

Ó ní, "Ó ti dé. Ẹ ò rí i pé ó ti dé?"

"Mo rí i. Jáde. Òjò ti rọ̀ sórí ibi tí omi yìí ti ń bọ̀. Èyí tí o ń wò yìí, ìránṣẹ́ ni, ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn."

"Ìyá Àgbà, òun náà ni mo rìn wá bá. Bí mo bá jáde báyìí, kí ni mo wá ṣe? Ọmọ méjì ni mo ti sin."

Ìyá Àgbà kò tún bá a jiyàn. Wọ́n yíjú sí mi. "Tú ọmọ náà sílẹ̀." Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ̀ ẹ́ ni, mo tú u. Wọ́n gbá Sàníù mọ́ àyà, wọ́n ju ọ̀pá wọn nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ọmọ figbe ta.

Fàtímọ̀ ní, "Ìyá Àgbà, níbo lẹ ń gbé ọmọ mi lọ?"

Wọ́n ń gun òkè lọ ni.

"Mo ní ẹ gbé ọmọ mi sílẹ̀."

Wọn kò bojú wẹ̀yìn. Fàtímọ̀ fò kúrò lórí òkúta, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré tẹ̀lé wọn. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí àgbàlagbà lọ́jọ́ náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Èmi àti Mùsílímátù sáré tẹ̀lé e, torí a rò pé ìjà la fẹ́ lọ là.

A kò tíì gun òkè náà tán tí omi fi dé. Kò dún bí omi. Ó dún bí ìgbà tí ògiri ilé bá ń wó. Odindi igi tọ orí àpáta já bọ́, gbòǹgbò rẹ̀ lókè. Òkúta tí Fàtímọ̀ dúró lé, a kò rí i mọ́. Èyí tí Ìyá Àgbà jókòó sí náà, omi bò ó.

A dúró, a ń wò. Ó ba ni lẹ́rù, ó sì dára. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ àárọ̀ ti di aṣọ ńlá pupa tó bo gbogbo ojú àpáta.

Mùsílímátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo koríko tí omi ń gbé há sórí àwọn igi. Ó ní, "Ẹyẹ náà mà tóbi o."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Fàtímọ̀ ti gba ọmọ rẹ̀, ó fi í sọ́mú. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan..."

"Èwo? Omi ń pariwo, n kò gbọ́ nǹkan kan."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé n ó tẹ̀lé yín?"

"O ní ọmọ méjì lo ti sin. Ẹnu wo ni mo ní tí mo lè fi borí ìyẹn? Mo mọ̀ pé ẹ̀kẹta nìkan ló lè fà ọ́ jáde."

Kò pẹ́ sí i ni òjò náà rìn dé orí wa fúnra rẹ̀. Kò sí igbá mọ́, omi ti gbé e lọ. Ìyá Àgbà ní kí Fàtímọ̀ tú aṣọ ọmọ rẹ̀. Orí òkè níbẹ̀ la ti wẹ Sàníù, àkọ́rọ̀ ń rọ̀ sí i lórí tààrà láti ọ̀run, ó ń fi ọwọ́ gbá a. Fàtímọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò dá, ó ní ká máa lọ, kí Yésúfù má bàa máa wá wa. Ìyá Àgbà kọ̀. Omi tí a fẹsẹ̀ là kọjá láàárọ̀ ti di ohun tó lè gbé màlúù. Wọ́n ní kí Yésúfù máa wá wa sàn ju kí ó máa wá òkú wa lọ. A jókòó títí omi fi fà, tí a tún rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a tó kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò sọ èyí kí ẹ má bàa lọ wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ lọ. Ẹ wá èyí tí èrò kò pọ̀ sí, ojú yín yóò rí ohun tí Ọlọ́run dá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú ọ̀run orí yín wọn omi, nítorí òjò tó ń pa ènìyàn nídìí àpáta, ibòmíràn ló ti ń rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àrá lápá òkè, ẹ má wọ inú omi rárá, bó ti wù kí oòrùn ràn tó. Ẹ yan ẹnìkan ṣe alóre, kí òun má wẹ̀, kí ó kàn máa wo òkè àti etí omi. Ẹ wo ibi tí koríko há sí lórí igi, kí ẹ jókòó sí ibi tó ga jù ú lọ. Bí omi bá ń gun iyanrìn, tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí ewé àti ìfófòó ń bá a bọ̀, ẹ fi igbá sílẹ̀, ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ, ẹ gun òkè. Ẹ má sá tẹ̀lé odò lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò lè yá tó omi. Bí omi bá sì dí ọ̀nà ilé, ẹ jókòó kí ó fà. Kò sí ọkọ tí kò ní dárí ji ìyàwó tó pẹ́ dé.