Irínwó Orúkọ Nínú Fódà Kan

"Kí tíì tí mo bù yìí tó tutù, gbogbo nọ́ńbà ọ́fíìsì yìí á ti wà lójú kan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń fọ́nnu. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ipò kìíní tó máa ń gbà níléèwé ló sọ ọ́ lórúkọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún lífítì ṣe, òun ló mú un wá kọ́ṣẹ́ lásìkò ìsinmi. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa, ọ̀gá á kọ ìwé ẹ̀rí tí yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ká sòótọ́, ọmọ náà mọṣẹ́. Irínwó nọ́ńbà tó fọ́n ká sínú fóònù èèyàn mẹ́fà, ó kó wọn jọ sínú fódà kan ṣoṣo lórí ímeèlì ọ́fíìsì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa rí wọn lórí fóònù tiwọn.

"Ta lo fún láṣẹ láti pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀?" Àǹtí rẹ̀ bi í.

"Gbogbo wọn. Tí mo bá ń yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú."

"Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Àǹtí, tíì mi ń tutù."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Awakọ̀, tó ń wa ọkọ̀ ọ́fíìsì, ṣí fóònù rẹ̀, ó bá irínwó àlejò níbẹ̀. "Ṣé fóònù mi ti di ibùdókọ̀ ni?" Ó fara balẹ̀, ó pa gbogbo wọn rẹ́. Kò mọ̀ pé ohun tó kúrò lójú òun ti kúrò lójú gbogbo ọ́fíìsì.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pè. Ó wà nínú lífítì ilé tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó sí. "Ilẹ̀kùn ti pa dé mọ́ mi. Lífítì ò lọ, kò bọ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì, mi ò rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù mi mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí fódà. Ó mọ́ tónítóní bí àwo tí ajá lá.

"Èmi ti tún tèmi ṣe láàárọ̀," Bàbá Awakọ̀ ń fi fóònù rẹ̀ yangàn. "Ẹ wò ó, ó ti fúyẹ́."

"Ta ló pa á rẹ́?" ohùn ọ̀gá bú jáde látinú fóònù.

Ìdánwò dé. Bàbá Awakọ̀ ti gba ìkìlọ̀ méjì lọ́dún yẹn. Ìkẹta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá kàn dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn òun, ìwé ẹ̀rí á sì dúró. Ọmọ náà sún mọ́ fóònù.

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo fún gbogbo èèyàn láṣẹ tí kò yẹ kí wọ́n ní."

Àǹtí di ojú, ó ka nọ́ńbà mẹkáníìkì jáde látinú orí rẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń tẹ̀ ẹ́.

Kí mẹkáníìkì tó débẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọ ààtàn ímeèlì, níbi tí ohun tí a pa rẹ́ ti máa ń dúró fúngbà díẹ̀. Ó dá irínwó orúkọ padà pérépéré. Ó wá yan àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: kálukú lè wò ó, Àǹtí nìkan ló lè pa á rẹ́. Tíì tó bù láàárọ̀ ọjọ́ náà ti tutù bí omi kànga.

"Ọmọ yìí, ìwé ẹ̀rí rẹ ti wà nílẹ̀," ọ̀gá wí lórí fóònù. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Ìmọ̀ dára, ṣùgbọ́n ìkánjú a máa bà á jẹ́. Òótọ́ inú ló ń tún un ṣe."

Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Bàbá Awakọ̀ nu ojú. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ nínú fóònù tí ilẹ̀kùn lífítì ṣí lọ́hùn-ún, ohùn mẹkáníìkì sì tẹ̀lé e.

"Lífítì yìí ò bàjẹ́, sà. Ẹ ò tẹ nọ́ńbà àjà tí ẹ ń lọ ni."