Alágbàfọ̀ Tó Ń Jowú Ẹ̀rín

Àwọn kan ń jowú ọkọ̀ tí aládùúgbò wọn rà. Àwọn kan ń jowú ilé tó kọ́. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń jowú ẹ̀rín.

Alágbàfọ̀ ni. Gígúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó bá lọ ṣòkòtò, ìlà rẹ̀ á gún débi pé eṣinṣin á rò ó kó tó bà lé e. Ó mọṣẹ́. Òun náà sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Kì í yọjú sílé Ọlọ́run. Bí wọ́n bá pè é, á ní, "Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọṣẹ́, kí ló tún ń bẹ Ọlọ́run fún?"

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti alágbàfọ̀ kejì, ọkùnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ló ń kó aṣọ iṣẹ́ wọn wá fún Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn akọ̀wé iléeṣẹ́ ńlá kan ni oníbàárà Gígúnrégé.

Nígbà tí nǹkan dára, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Ṣùgbọ́n ọdún burúkú kan dé. Iléeṣẹ́ ńlá náà tìlẹ̀kùn, àwọn akọ̀wé lọ jókòó sílé, ẹni tó bá sì jókòó sílé kò nílò ẹ̀wù tí a lọ̀. Omi ẹ̀rọ dá. Ọṣẹ wọ́n, èédú tí wọ́n ń kó sínú áyọ́ọ̀nù náà wọ́n.

Gígúnrégé kò rí oorun sùn mọ́. Bó bá sì ti ń ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, pẹ̀lú ojú pípọ́n, orin ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹlẹ́rìn-ín ti ń kọrin sí aṣọ.

"Kí ló ń dùn mọ́ ọn nínú?" ló bi ìyàwó rẹ̀. "Àbí omi ń yọ lọ́dọ̀ tirẹ̀ ni?"

"Bàbá ọmọ mi, omi kankan ò yọ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sì wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún tó kọjá. Ẹ bá a yọ̀ pé ó ṣì ń rí orin kọ."

Bá a yọ̀ kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn wá da epo síná. Ká ní Ẹlẹ́rìn-ín lówó jù ú lọ ni, ì bá yé e. Ká ní oníbàárà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ì bá yé e. Ṣùgbọ́n kí ìyọnu ẹnìkan pọ̀ ju tèèyàn lọ, kó sì tún máa rẹ́rìn-ín juni lọ, ìyẹn ni kò lè gbé mì. Ìlara náà wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ń jẹun, ó ń gbọ́ orin yẹn. Bó bá ń lọṣọ, ó ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ bí ẹni pé orí ẹnìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ihò kékeré kan wà lára ògiri náà, níbi tí ìṣó kan ti yọ. Lọ́jọ́ kan, Gígúnrégé, àgbàlagbà tó ti ní àna, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó sì fojú kan sí i. Ó ń wá àṣírí. Kí ló rí? Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ láàárín aṣọ tí kò tíì lọ̀, ó ń sọ pé, "Olúwa, mi ò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Fún mi lágbára tòní. Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin.

Kò sí oògùn. Kò sí oníbàárà ìkọ̀kọ̀. Ìyẹn ló tún wá dun Gígúnrégé jù. Ohun tó bá wà nínú àpótí, èèyàn lè jí i. Báwo lèèyàn ṣe ń jí ìfọ̀kànbalẹ̀? Ó sọ lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun ò bá lè ní in, ẹni tó ní in náà kò ní gbádùn rẹ̀.

Ó yẹ kó o mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wọn. Funfun kan náà ni gbogbo aṣọ nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, alágbàfọ̀ máa ń fi òwú aláwọ̀ rán àmì kékeré sínú ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, pupa fún tẹni yìí, àwọ̀ ewé fún tọ̀hún. Òwú yẹn ló fi ń mọ ẹni tó ni ín. Bí òwú bá já, aṣọ di ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹlẹ́rìn-ín wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mú ìyàwó mi lọ rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

"Máa lọ, àbúrò. Ṣé ẹlòmíì ni mí ni?"

Ó wò wọ́n bí wọ́n ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ, ọkọ di ìyàwó lápá mú, ó sì ń kọrin sí i létí. Gígúnrégé mú abẹ, ó wọlé, ó sì ń já òwú kúrò lọ́rùn aṣọ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń yára ni abẹ ti yọ̀, ó sì gé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọnú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ funfun kan.

Kò sí alágbàfọ̀ tí kò mọ̀ pé omi tútù ni a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, kíákíá, kó tó gbẹ. Omi gbígbóná ló ń dì í mọ́ aṣọ. Gígúnrégé gan-an ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi ronú. Kẹ́tùlù tó wà lórí iná ló gbé, ó da omi híhó lé aṣọ náà. Àbàwọ́n ọ̀hún jókòó síbẹ̀. Ó ká aṣọ náà, ó tì í sísàlẹ̀ òkìtì, ó fi akísà di ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gba aṣọ, ariwo sọ. Tẹnìkan fẹ̀ mọ́ ọn bí àpò. Tẹlòmíì ò jẹ́ kó mí. Àwọn kan bínú kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Gígúnrégé fi etí sí ògiri. Ó gbọ́ èébú, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Nígbà tó máa di òwúrọ̀, orin tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n orin ni.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọwọ́ tó ń fi pamọ́ yẹn wú. Ó purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìṣó ló gún òun. Kí obìnrin náà tó fipá wọ́ ọ dé ilé ìwòsàn, wíwú náà ti dé ìgúnpá. Dókítà ní bí wíwú náà kò bá lọ sílẹ̀ di ọ̀la, àwọn máa gé ọwọ́ náà kó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ọwọ́ Gígúnrégé, kí ló kù lára Gígúnrégé?

Nọ́ọ̀sì tó wá tọ́jú rẹ̀ ká apá aṣọ ara rẹ̀ tó gùn jù sókè. "Ẹ má wo aṣọ mi, bàbá. Tẹlòmíì ni. Ọ̀dàlẹ̀ kan ló já òwú aṣọ wa lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ọlọ́run á mú un!"

Gígúnrégé ò lè ṣe àmín.

Ìyàwó rẹ̀ dé. "Ẹ má ronú nípa aṣọ oníbàárà yín. Ẹlẹ́rìn-ín ń bá yín lọ̀ wọ́n."

Ó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo mọ̀! Ó fẹ́ gba àwọn ìwọ̀nba tó kù mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Ó ní kí n máa sọ fún wọn pé iṣẹ́ yín ni. Lánàá, ó tún ṣòkòtò kan lọ̀, ó ní ìlà òun ò tíì gún tó tiyín."

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, Gígúnrégé ò jẹ́ kó jókòó.

"Èmi ni mo já òwú yẹn."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí aṣọ tẹ́ ẹ da omi gbígbóná sí. Akísà sì wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Mo ti wọ bàtà kí n wá bá yín jà. Mo kúnlẹ̀ ni, kí n má baà jáde."

"Mò ń jowú rẹ."

"Èmi? Kí ni mo ní? Ìyàwó mi ò tíì dìde."

"Ọkàn rẹ balẹ̀. Tèmi ò balẹ̀ rí láyé mi. Òun ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti béèrè. Kì í ṣe tèmi. Jésù ló fún mi, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀mùtí tẹ́nikẹ́ni ò lè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún. Ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi, Ó sì jíǹde. Ẹni tó ṣe ìyẹn fún mi, ṣé ọ̀la mi ló máa wá gbàgbé? Bẹ́ ẹ bá gba tiyín nísinsìnyí, tèmi ò ní dín."

Gígúnrégé sunkún bí ọmọdé. Ó gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n: "Jésù, mo ti ń fi omi gbígbóná fọ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ńṣe ló ń le mọ́ mi lára. Ṣàánú mi. Wẹ̀ mí."

Ó sì sùn. Kíyè sí i, ọ̀rẹ́ mi: kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa gé ọwọ́ náà, ó sì sùn.

Wọn ò gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka méjì kò ká mọ́. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Èyí tó ṣépè ní, "Ẹ̀yin ni mò ń ṣépè fún?" Ó sì tún báńdéèjì rẹ̀ dì dáadáa.

Títí di báyìí, omi ẹ̀rọ ò tíì yọ. Iléeṣẹ́ ò tíì ṣí. Ara ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín ń yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, ohùn méjì lo máa gbọ́, ọ̀kan nínú wọn ò sì mọ orin kọ rárá.

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, ta ni ìwọ ń yọjú wò láti ihò ògiri? Ta ni àlàáfíà rẹ̀ ń bí ọ nínú, nígbà tí ìyà kan náà ń jẹ yín? Má jowú rẹ̀ mọ́. Béèrè lọ́wọ́ Ẹni tó fún un. Ó lè máà mú ìyọnu rẹ kúrò lónìí, ṣùgbọ́n Ó máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Ẹ̀jẹ̀ yòókù ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń fọ ọkàn mọ́.

Gígúnrégé ti ra aṣọ mìíràn fún nọ́ọ̀sì tó fi ẹ̀jẹ̀ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ó gbé èyí tó ní àbàwọ́n kọ́ sára ògiri, ó fi bo ihò ìṣó náà. Bí oníbàárà bá bi í ìdí tí àbàwọ́n náà kò fi jáde lára aṣọ, èsì kan náà ló ń fún gbogbo wọn: "Mi ò tètè lo omi tó yẹ."

Ìwọ, tètè. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, lónìí, kó tó gbẹ.