Ẹ Má Fi Abẹ Kan Ahọ́n Àràmídé

Bí Moríkẹ́ bá ti to ẹja sórí iná tán ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ìlú àwọn apẹja létí òkun, fóònù ni yóò gbé lé Àràmídé, ọmọbìnrin rẹ̀, lọ́wọ́. Ọmọ náà á jókòó sórí pákó, á máa wo àwòrán tó ń jó, kò ní rìn dé etí omi. Ọkàn ìyá rẹ̀ á balẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Moríkẹ́ lọ́kàn. Àràmídé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ "Màmá" àti "omi" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Tó bá fẹ́ nǹkan, á nawọ́ sí i, á sì bú sẹ́kún.

"Ahọ́n ọmọ yìí ló so," ni Jọọlá, aládùúgbò wọn, sọ lọ́jọ́ kan. "Bàbá kan wà lódìkejì omi tó ń fi abẹ gé e. Kíá ló máa ń ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, ẹnu rẹ̀ ò dúró mọ́."

Moríkẹ́ gbà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pọn Àràmídé, ó lọ dúró de ọkọ̀ ní èbúté. Ibẹ̀ ni Sàlímátù, tíṣà àwọn ọmọ kékeré, ti bá a.

"Ìyá Àràmídé, ibo lẹ forí lé?"

Moríkẹ́ sọ fún un. Sàlímátù di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdá, abẹ sì lè kó àrùn ran ọmọ. Ta ló yẹ ahọ́n rẹ̀ wò tó ní ó so?"

"Jọọlá ni."

"Ìgbà wo ni Jọọlá di nọ́ọ̀sì?"

Moríkẹ́ ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹnu ọmọ náà wò, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó mi agolo tó kó òkúta sí. Àràmídé yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ahọ́n rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ó sì dà bí ẹni pé ó ń gbọ́ràn dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ta ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?"

Moríkẹ́ ronú. Ojú òkun ni Sunday, ọkọ rẹ̀, máa ń wà. Òun alára, ìdí iná ni.

"Fóònù ni," ló fèsì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Fóònù á sọ tirẹ̀, àmọ́ kì í dúró gbọ́ èsì. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì tún mú un padà wá kí n wò ó."

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Sàlímátù ní kó máa mú ọmọ wá sí agbo àlọ́ tí àwọn òbí dá sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà èbúté nírọ̀lẹ́ Sátidé.

"Ìgbà yẹn gan-an ni mo ń tọ́jú ẹja!"

"Ẹ gbé ẹja yín wá. Ẹ máa ha ìpẹ́ rẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá Olówòkéré, apẹja àgbà tí kò lọ sójú òkun mọ́, ló ń pa àlọ́ fún wọn. Kì í jẹ́ kí ọmọ kankan káwọ́ gbera. Tó bá jẹ́ àlọ́ akàn ni, olúkúlùkù á fi amọ̀ mọ akàn tirẹ̀, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ rìn, àwọn kan á sì máa hó bí ìgbì. Àràmídé ń mọ akàn, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Muzammil, ọmọ Sàlímátù, ló ń ṣe ìgbì. Ó ń hó bọ̀, ó gbẹ́sẹ̀ sókè láti tẹ akàn Àràmídé.

"Má tẹ̀ ẹ́!" Àràmídé ké. "Akàn mi ni! Ó ń sùn!"

Muzammil dúró gbagidi. Gbogbo agbo yíjú sí Àràmídé.

"Ó dáa, ìgbì á gba ibòmíràn," ni Bàbá Olówòkéré wí jẹ́jẹ́. "Kí lorúkọ akàn rẹ, ọmọ mi?"

"Jọọlá."

Ni ẹ̀rín bá sọ. Jọọlá fúnra rẹ̀, tó ń bá Moríkẹ́ ha ìpẹ́ ẹja níbẹ̀, rín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá ni Moríkẹ́ fi nu omi ojú, torí ìpẹ́ ẹja kún ọwọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, bí Moríkẹ́ bá ń yan ẹja, Àràmídé á máa bi í léèrè: Kí ló dé tí èéfín ń sá? Ta ló bí ẹja yìí? Nígbà míì, á sú ìyá rẹ̀, àmọ́ á dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi abẹ kàn án lẹ́nu. Bẹ́ ẹ ti ń tún àwọ̀n ṣe, bẹ́ ẹ ti ń wa ọkọ̀, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ pa àlọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àdúgbò yín ò tíì ní agbo àlọ́? Àgbà kan tó mọ àlọ́ àti amọ̀ etí omi ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.