Ọwọ́ Tó Ń Di Tíṣà Láyà Mú

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, láyé ìgbà tí Ìkòtún ṣì jẹ́ abúlé láàárín igbó, tí àwọn aláṣọ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé àdúrà síbẹ̀. Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Tíṣà Dáramọ́lá, ará Èkìtì tó ń kọ́ ọmọ ìjọ níwèé, ń sọ̀kalẹ̀ lọ sódò fún ìwẹ̀ ìmúláradá. Wọ́n ní òkú ló ń dì í láyà mú.

Òkú náà ni Tíṣà Olúbọ̀dé, tó ṣiṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó lọ sílé ìwé ni wọ́n sin ín sí. Láràárọ̀ tí Dáramọ́lá bá ti gun òkè náà débi sàréè, nǹkan á fún àyà rẹ̀ bí ìkúùkù, ìrora á gba apá òsì. Tó bá jókòó, á tú u sílẹ̀.

"Ẹ tún un rò, Bàbá Tolú," Ọláwùmí, ìyàwó rẹ̀, ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Lọ́sàn-án ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, nǹkan kan kì í ṣe yín. Àbí òkú náà máa ń sun oorun ọ̀sán ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má jẹ́ kí Ìyá Àdúrà gbọ́."

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ọkàn á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekún. Bí iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ bá ti dí díẹ̀, tí èèyàn wá ń gun òkè, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó ọkàn náà lò. Ìrora dé nìyẹn. Òtútù lè fún ọ̀nà èémí pẹ̀lú, ikọ́ ọyẹ́ sì lè mú kí ẹran àyà máa ro èèyàn. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá ń bá iṣẹ́ wá, tó ń bá ìsinmi lọ, ọkàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lónìí, ará Ìdímù tó wà nítòsí Ìkòtún á sáré gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Nígbà náà, odò ni wọ́n mọ̀.

Ìyá Àdúrà Matilda, arúgbó, ti dúró nínú omi dé ìbàdí, sùtánà rẹ̀ léfòó yí i ká.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ máa bọ̀. Omi tútù ni òkú ń bẹ̀rù."

Tíṣà wọ inú omi, Ìyá sì rì í bọmi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbé e sókè, ẹnu Tíṣà là, ohùn kò jáde. Kí àwọn ará ìjọ tó tẹ́ ẹ sórí koríko, ó ti kú.

"Olúbọ̀dé ti mú un lọ," Ìyá wí.

Ọláwùmí fi ìborùn rẹ̀ bo ọkọ rẹ̀. "Olúbọ̀dé ńkọ́, Ìyá? Nígbà tí àyà ń dun òun náà, kí lẹ ṣe fún un?"

"A wẹ̀ ẹ́ níhìn-ín."

Ìyá Matilda gbé ẹsẹ̀ láti gun etí odò. Ó dúró. Ó fọwọ́ di àyà ara rẹ̀ mú, ó sì rọra wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnìkan tẹ̀ lé e jáde nínú omi.