Onígáàsì àti Ìyá Tíṣà

Ẹ̀wù Tíṣà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́, tówẹ̀lì tútù wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo fèrèsé ọkọ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wọ ọgbà Onígáàsì. Ọmọbìnrin tó ń tún éésíì, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, ṣe ni gbogbo àdúgbò ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀, ẹ̀rín pa á.

"Bọ̀dá, ṣé odò lẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Ọkọ̀ yìí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọ gáàsì sí éésíì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rọ ọ́ láàárín oṣù méjì."

"Apẹ̀rẹ̀ lẹ wá ń pọn omi sí. Èmi kì í rọ gáàsì sí ohun tó ń jò."

Ló bá po omi ọṣẹ, ó ń fi í ra oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan fi hó yéè. Ó pààrọ̀ rọ́bà róbótó tó ti gbẹ níbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ó pa ẹ̀rọ, ó sì jókòó ti aago tó fi ń wọn inú páìpù. Bí abẹ́rẹ́ aago bá yẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó ṣì ń jò nìyẹn.

"Ṣé a ó kàn jókòó máa wò ó ni?"

"A ó jókòó máa wò ó ni. Àbí ẹ níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ?"

Tíṣà níbi tó ń lọ. Kò lọ.

Ní Sátidé kejì, ó padà wá pé éésíì ń dún. Ní ìkẹta, ó ní ó ń rùn. Ní ìkẹrin, Onígáàsì fi àkísà nu ọwọ́.

"Tíṣà, ara éésíì yìí le ju tèmi lọ. Kí ló ń ṣe ẹ̀yin gan-an?"

"Ìwọ ni, ààyò mi," ó dáhùn, kò lè gbójú sókè.

Ọ̀dọ̀ ìyá Tíṣà ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Agbẹ̀bí ni, ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Lọ́jọ́ tí Tíṣà mú Onígáàsì lọ kí i, màmá ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ọmọ mi, ìwà rẹ dára. Àmọ́ ìyàwó tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ kò wù mí. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, màá súre fún yín lọ́la."

Onígáàsì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mi ò sì ní fi ọmọ yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá tíì súre, a ò ní ṣègbéyàwó. Màá dúró."

Nígbà tí wọ́n jáde, Tíṣà ní káwọn fẹ́ra àwọn láìsí màmá. Onígáàsì kọ̀ jálẹ̀. "Ìyá kì í ṣe ẹrù tí à ń sọ̀ kalẹ̀ nítorí ọ̀nà jìn."

Màmá ní tirẹ̀ gbà pé ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn ló ń sin ọmọ òun lọ sí ọgbà ní gbogbo Sátidé. Lọ́jọ́ kan tí Tíṣà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, màmá wa ọkọ̀ náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń rọ gáàsì lẹ́bàá títì. "Rọ gáàsì sí i títí ẹnu, kí àwáwí lè tán." Ọkùnrin náà da gáàsì ọkọ̀ tuntun lé ti ọkọ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í dà pọ̀, ó sì rọ ọ́ kọjá ààlà. Màmá ò tíì délé tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ọkàn éésíì, fi han gooro, tó sì dì gbagidi.

Àgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ mọ ilé ẹni tó lè tún un ṣe. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ọgbà.

"Mo ṣe nǹkan kan," màmá wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Kò ní gbọ́ lẹ́nu mi, mà. Ẹ fìdí kalẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín, kò pòwe. Ó fa àdàlù gáàsì náà sínú àgbá, ó fọ páìpù mọ́, ó de kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àlòkù kan tó ṣì lágbára, ó fa afẹ́fẹ́ jáde, ó jókòó ti aago.

"Kí ló dé tí o ò rọ ọ́?"

"Tí mo bá kánjú, yóò tutù lónìí, yóò daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin lẹ máa wà nínú ẹ̀, mà."

Oníbàárà kan dé, ó ń pariwo pé kó fi àgékù ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ kó wá dá òun lóhùn. "Ẹ má bínú, sà, ẹ dúró díẹ̀." Kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

Màmá wò ó títí. "Bí mo ṣe máa ń jókòó ti aboyún nìyí," ó sọ níkẹyìn. "Gbogbo ẹbí á máa pariwo pé kí n fa ọmọ jáde. N kì í fà á."

"Báwo lẹ ṣe ń fara dà á, mà?"

"Mo máa ń ṣe bí adití. Bí ìwọ náà ṣe ń ṣe yẹn."

Wákàtí kan pé, abẹ́rẹ́ ò mira. Gáàsì wọlé, òtútù sì fẹ́ sí màmá lójú nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Tíṣà bá a nígbà tó ti ilé ìwé yà sí ọgbà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà?"

"Èmi ni mo ba ọkọ̀ bàbá rẹ jẹ́," màmá wí. "Ìyàwó rẹ ló tún un ṣe."

Tíṣà gbọ́ "ìyàwó," ó sáré ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Màmá yíjú sí Onígáàsì.

"Wọlé, ká lọ bá àwọn òbí rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ọwọ́, mà. Gírísì ni gbogbo ẹ̀."

"Jókòó síbí," ìyá wí, ó sì fa ọwọ́ dúdú náà mọ́ra. "Bó o ṣe wà yìí gan-an ni mo fẹ́ lọ tọrọ rẹ."