Ta Ló Dáhùn Oríkì Àrífù?

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wọ ọkọ̀ gbaka lọ sí Abobo Gare ní Abidjan, kó bèèrè ìsọ̀ Fàwàsíyà, opó tó ń ta abọ́ tánganran. Àwọn abọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ kò lérè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Alábọ́ gbọ́dọ̀ létí. Oníbàárà á gbé abọ́, á fi ìka kàn án. Bó bá dún gooro, ó dára. Bí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti là níbi tí ojú kò rí. Àrífù, ọmọ kan ṣoṣo tí Fàwàsíyà bí, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ kan abọ́. Á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á dúró díẹ̀, á tún kàn án lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá mi, èyí ti là."

Kò ṣìnà rí.

Etí yẹn ló gbé e dé Paris. Ìjọba fún un ní bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin. Kì í ṣe orin ijó o. Orí ìwé ló ń kọ ọ́ sí. Àwọn èèyàn á jókòó ti violon, gòjé òyìnbó, wọ́n á máa fi ọwọ́ ra igi rẹ̀. Àwọn mìíràn á máa mí sínú fèrè láìfọn ọ́n. Baba rẹ̀ gbọ́ ọ̀kan kó tó kú. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ti parí.

Ogún ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó ń pè é káàkiri. Nígbà tó yá, ìpè dín kù. Nígbà tó tún yá, kò sí mọ́. Irun rẹ̀ ti ń funfun nígbà tó padà sí Abidjan, tó gba yàrá kan ní Biétry létí ọ̀sà. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn orin kan ní kó kọ iṣẹ́ kan wá fún àwọn.

"Ìyá mi, èyí ló kù. Bí èyí bá kùnà, mo ti parí."

"Kí lo parí? Wá bá mi ta abọ́."

Kò rẹ́rìn-ín.

Ó kó abọ́ méjìlá lọ láti gba ohùn wọn sínú ẹ̀rọ. Ó dá wọn padà lọ́jọ́ kẹta. Mariama, oníbàárà Fàwàsíyà láti ọjọ́ pípẹ́, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀kan. Ó kàn án. Ohùn abọ́ náà kò há. Kò dún rárá ni. Bí ìgbà téèyàn ń kan òwú.

"Tantie, kí lo fún abọ́ rẹ jẹ? Ọ̀fun ń dùn ún?"

"Gbé òmíràn."

Ó gbé òmíràn. Ó kàn án. Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ. Kò padà wá mọ́. Fàwàsíyà kan méjèèjìlá. Ó yẹ̀ wọ́n wò nínú oòrùn. Kò sí èyí tó là.

Ó wọ ọkọ̀, ó dé Biétry ní aago méjì ọ̀sán. Ilé náà dákẹ́. Omi ọ̀sà wà lẹ́yìn fèrèsé, kò mì. Àrífù ti rù.

"Kí lo fi abọ́ mi ṣe?"

"Ohùn wọn ni mo gbà."

"Mo mọ̀. Ṣé ó máa padà?"

Ó yí ojú sí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìyá mi, ó ku nǹkan kan. Ẹ kì mí, bí ẹ ṣe máa ń kì mí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní dáhùn. Bí mo bá dáhùn, ohùn mi á bà á jẹ́."

Fàwàsíyà wo ẹ̀rọ. Ìyá tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún un rí pé a kì í ki ọmọ kí ọmọ má dáhùn. Ohun mìíràn lè bá a dáhùn.

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Àrífù."

"Ẹ jọ̀ọ́. Sátidé ni wọ́n máa gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn. Mi ò ní nǹkan mìíràn láyé mi."

Ó wo irun funfun yẹn. Kí ni ìyá fẹ́ ṣe?

"Àjàgbé! Àjàgbé ọkọ mi! Àjàgbé ọmọ alábọ́ tí í dún bí agogo!"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Àrífù fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá tan ẹ̀rọ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn Fàwàsíyà jáde. "Àjàgbé!"

"Ìyá mi," ni ẹnìkan wí nínú ẹ̀rọ.

Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

"Pa á rẹ́."

"Ìyá mi, ohun tí mo ti ń wá láti ogún ọdún nìyí."

"Mo ní kí o pa á rẹ́!"

Ó ti ń kọ̀wé. Kò gbójú sókè.

Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Fàwàsíyà jókòó sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Àwọn oní-violon ń ra igi. Abọ́ méjèèjìlá ń dún láti ara ògiri, gooro, gooro, bí wọ́n ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ohùn tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ náà dáhùn. Obìnrin tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí òjò orí páànù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí Àrífù rí.

Opó náà la èrò kọjá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àjàgbé."

Àrífù wò ó. Ó rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń rín in sí àlejò.

"Merci, madame."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà jẹ́jẹ́.

Wọ́n ti ń pè é káàkiri báyìí. Àwòrán rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó mọ orúkọ baba rẹ̀, ó mọ ọ̀nà Paris. Ìyá tó bí i nìkan ni kò mọ̀.

Fàwàsíyà da abọ́ méjìlá náà dé sẹ́yìn ìsọ̀. Kì í tà wọ́n. Kò ṣí wọn wò rí. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn èèyàn bá lọ kírun tí ọjà dákẹ́, ẹnìkan á kan ọ̀kan nínú wọn láti abẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì. Á dúró díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan.

"Àjàgbé," ni opó náà á wí.

"Ìyá mi," ni ohùn ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn á dáhùn lábẹ́ abọ́. "Èyí ti là."

Kò ṣìnà rí.